Irú Ọmọ Wo Ni A Ń Rán Lọ Sí Iṣẹ́ Ológun?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù, ní ìlú Ọ̀tà

Akọ̀wé ẹgbẹ́ ni ó kọ̀wé sí wa pé kí a wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn ọmọ-ogun ilẹ̀ wa: èéṣe tí ọkàn àwọn ará ìlú kò fi balẹ̀ sí wọn, àti irú àwọn ọmọ tí ń wọ inú iṣẹ́ náà. A kọ́kọ́ rò pé ológun tí ó ti fẹ̀yìn tì ni ó yẹ kí wọ́n pè. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ro ọ̀rọ̀ náà dé ìdí, a rí i pé ìdajì rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ológun rárá. Ọ̀rọ̀ ilé ni, ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ni, ọ̀rọ̀ ààfin sì ni. Ní ti èyí, àwa tí a ti lo ọgbọ̀n ọdún nídìí kíkọ́ àwọn ọmọ, àti kíkọ́ àwọn tí yóò máa kọ́ wọn, a ní ẹnu láti sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gbogbo wa mọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ní abẹ́ afárá Sángo, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ń jáde láti àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ, tí ọkọ̀ Èkó àti ọkọ̀ Abẹ́òkúta ń du ọ̀nà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, bí ọkùnrin kan tí ó wọ aṣọ ológun bá sọ̀kalẹ̀, ẹ wo ojú àwọn ènìyàn. Agbèrò kò ní béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá tí ń ta ọsàn yóò fa igbá rẹ̀ sẹ́yìn. Ọlọ́kadà yóò yà fún un. Ẹni tí kò mọ̀ yóò pe èyí ní ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ni. Ẹni tí a bá bọ̀wọ̀ fún, a máa ń sún mọ́ ọn kí a lè kí i. Ẹni tí a bá bẹ̀rù, a máa ń fún un ní ọ̀nà kí ó lè tètè kọjá. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ṣẹlẹ̀ ní òru, tí àwọn ajínigbé wọ abúlé kan ní ojú ọ̀nà Ìdìrókò, ọkùnrin tí a sá fún ní ìrọ̀lẹ́ yẹn gan-an ni a óò máa ké sí pé kí ó wá gbà wá. Báwo ni a ó ṣe sọ ohun tí a mọ̀ fún un, tí a kò tilẹ̀ lè wò ó lójú?

Ẹ̀rù yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ogun, ní etí àwọn baba ńlá wa, kì í ṣe ohun tí ń dáàbò bo ni. Ohun tí ń kó ni ni. Ní 1842 ni àwọn Ẹ̀gbá ṣẹ́gun ìlú Ọ̀tà yìí. A kò mú un wá láti dá ìjà àná sílẹ̀, nítorí Ẹ̀gbá àti Àwórì ti di àna ara wọn tipẹ́. A mú un wá kí a lè rántí pé ológun ayé ìgbà náà kò gba owó-oṣù: ohun tí ó bá kó ni owó-oṣù rẹ̀, ènìyàn sì ni ohun tí ó níye lórí jù nínú ìkógun. Síbẹ̀ kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ bí a ti í ṣa ológun. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ọ̀yọ́ àtijọ́ kò ju 70 lọ. Ìwà akin ni a fi ń dé ipò náà, a kì í jogún rẹ̀. Ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ bá sì wà ní ẹ̀yìn, ojú a máa ti ará ilé rẹ̀ láti jáde. Ìlú mọ orúkọ wọn, ó mọ ilé tí wọ́n ti wá. Èyí ni a ó fi ọkàn sí bí a ti ń lọ.

Ìgbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jókòó sí Èkó ni ọ̀rọ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Ọdún 1863 ni ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Nàìjíríà ń kà sí ọdún ìbí rẹ̀, ọdún tí Glover kó àwọn ọmọ Haúsá díẹ̀ jọ, tí ó sì gbé ìbọn lé wọn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wá kún inú ẹgbẹ́ náà jẹ́ ẹrú tí ó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn. Ta ni àwọn olówó náà? Ẹ̀gbá ni, Ìjẹ̀bú ni, àwọn ará Èkó fúnra wọn sì ni. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará: ẹni tí a ti fi ṣe ẹrú ni a wá gbé dìde láti máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wa. Òun kò ní ìdí kan láti fẹ́ràn wa, àwa náà kò sì ní ìdí láti pè é ní ọmọ wa. Ní oṣù Karùn-ún 1892, ní Ìmàgbọ̀n, àwọn Ìjẹ̀bú rí ohun tí ìbọn Maxim lè ṣe. Ní 1918, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dìde sí owó-orí, tí wọ́n sì hú ojú-irin kúrò nílẹ̀, àwọn ọmọ-ogun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé ni a kó tì wọ́n, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn sì kú. Ogun Àdùbí ni a ń pè é títí di òní. Ẹni tí ìyá-ìyá rẹ̀ sọ ìtàn náà fún ní Ìfọ̀ tàbí ní Wásinmi kò ní ṣàì fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra nígbà tí ó bá rí aṣọ ológun.

Nígbà ogun ńlá ti 1914 sí 1918, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé wá ènìyàn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ọwọ́ àwọn ọba àti àwọn ìjòyè ni wọ́n sì ti wá wọn. Àwọn tí ó kọ ìtàn ìgbà náà fi yé wa ohun tí ọ̀pọ̀ ìjòyè ṣe. Ọmọ ẹrú, àlejò tí kò ní ẹbí, alágídí tí ó ti sú ìlú: àwọn wọ̀nyí ni wọ́n kó sílẹ̀. Ọmọ tiwọn jókòó sílé. A rí i tí àwọn àgbà kan ń rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in ní àrínmọ, nítorí a óò padà sí ibẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé gbogbo ọmọ Yorùbá tí ó wọ iṣẹ́ náà ni ó jẹ́ èyí tí ilé kọ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ ti ọ̀kan. Isaac Fádóyèbọ̀, ọmọ Èmùré-Ilé ní ẹ̀bá Ọ̀wọ̀, jẹ́ ọmọ ọdún 16 nígbà tí ó wọ iṣẹ́ ológun ní 1942. Ó ti lọ sí ilé-ìwé, bàbá rẹ̀ kò sì fẹ́ kí ó lọ. Wọ́n kó o lọ sí ilẹ̀ Bọ́mà pẹ̀lú àwọn tí ń tọ́jú ọgbẹ́. Ní oṣù Kẹta 1944, àwọn ará Jàpáànù yìnbọn lù wọ́n ní àfonífojì Kaladan. Itan rẹ̀ fọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kú yí i ká, àwọn tí ó kù sì sá. Òun àti ọmọ Sàró kan, David Kargbo, ni ó sùn sínú igbó. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Shuyiman ni ó ń gbé oúnjẹ wá fún wọn, tí ó sì fi wọ́n pamọ́ títí di òpin ọdún náà, bí ó tilẹ̀ mọ̀ pé bí àwọn ará Jàpáànù bá mọ̀, orí òun ni yóò lọ sí i. Kí ni ó mú kí àgbẹ̀ náà gbẹ́kẹ̀ lé ọmọ-ogun méjì tí kò gbọ́ èdè rẹ̀? Àwọn méjèèjì kò jí i ní adìẹ, wọn kò sì fi ọwọ́ kan aya tàbí ọmọ rẹ̀. Àánú rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ní àánú. Fádóyèbọ̀ padà sílé, ó sì gbé ayé títí di 2012. Ẹgbẹ́ ogun 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n jà ní Bọ́mà. Láti ibẹ̀ ni Ìpín 81 tí ó wà ní Èkó lónìí, tí ìpínlẹ̀ Ògùn wà ní abẹ́ ìṣọ́ rẹ̀, ti gba orúkọ.

Ẹnìkejì kò nílò kí a júwe rẹ̀. Adékúnlé Fájuyì ti ṣe olùkọ́ àti akọ̀wé kí ó tó wọ iṣẹ́ ológun ní 1943. Ó gba ọlá fún ìwà akin ní ilẹ̀ Kóńgò. Nígbà tí ó di gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn tí ó dìtẹ̀ wá sí Ìbàdàn ní ọjọ́ 29 oṣù Keje 1966 láti mú àlejò rẹ̀, Ọ̀gágun Ironsi. Wọ́n sì kó àwọn méjèèjì lọ. Ìtàn tí Yorùbá ń sọ ni pé kò jọ̀wọ́ àlejò rẹ̀. Ẹ wo bí orúkọ ẹnìkan ṣoṣo ṣe gbé iyì gbogbo iṣẹ́ kan ró ní ilẹ̀ wa fún ohun tí ó lé ní àádọ́ta ọdún! Inú wa dùn láti sọ pé láti inú iṣẹ́ tiwa, iṣẹ́ tíṣà, ni ó ti wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọ̀gágun Taoreed Lágbájá, ọmọ Ìlobùú, tí ó jẹ́ olórí àwọn ọmọ-ogun orí ilẹ̀ títí ó fi kú ní oṣù Kọkànlá 2024: ó ti wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Òṣogbo kí ó tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ogun ní Kàdúná ní 1987. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, tí ẹ rò pé kò sí ọ̀nà mìíràn fún olùkọ́ ju pákó ìkọ̀wé lọ, ẹ gbọ́.

Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ fi orúkọ rere méjì tàbí mẹ́ta bo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà mọ́lẹ̀. Ní 1958 ìjọba ti pín àyè àwọn ọmọ-ogun: ìdajì fún Àríwá, ìdámẹ́rin fún Ìlà-Oòrùn, ìdámẹ́rin fún Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn kò fi bẹ́ẹ̀ yọjú. Ọmọ tí ó mọ̀wé lọ sí ọ́fíìsì. Ọmọ tí kò mọ̀wé lọ sí oko kòkó. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dojú rú ní 1966, tí ó sì di 1967, àwọn aṣáájú wa ń ké pé kí a kó àwọn ọmọ-ogun Àríwá kúrò ní ilẹ̀ wa, kí a sì gba ọmọ Yorùbá sí iṣẹ́ náà kíákíá. Ta ni ó dí wọn lọ́nà láti ìbẹ̀rẹ̀? Ogun abẹ́lé wá dé. Àwọn ọmọ-ogun tí kò ju nǹkan bí 10,000 lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ 1966 di nǹkan bí 250,000 nígbà tí ogun parí ní oṣù Kìíní 1970. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́lé mọ ohun tí a ń sọ: bí a bá ń ṣe búlọ́ọ̀kù ní kánjúkánjú, tí a kò jẹ́ kí ó gbẹ, yóò dúró nílẹ̀ bí búlọ́ọ̀kù, ìgbà tí a bá mọ ilé lé e lórí ni yóò sọ irú ẹni tí ó jẹ́. Kò sí ẹni tí ó ní àyè láti béèrè ilé tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti wá. Ẹni tí ó bá lè gbé ìbọn, ó ti tó.

Kò pẹ́ tí a fi rí èso rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì 1977, àwọn ológun ya bo ilé Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ní Èkó, wọ́n lu àwọn tí wọ́n bá níbẹ̀, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé òkè. Ilé náà jóná. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ni ìyá náà, obìnrin tí ó ti ṣíwájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá lórí ọ̀rọ̀ owó-orí kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wá sílé náà tó dáyé. Ó kú ní 1978. Ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó, ohun tí ó sì rí sọ ni pé ológun tí a kò mọ̀ ni ó fi iná sí ilé. Ológun tí a kò mọ̀! Bí ìlú bá ní ológun tí kò mọ̀, ìlú ha ní ológun bí? Aládùúgbò wa, Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ni olórí ìjọba nígbà náà. A kì í fi ọ̀rọ̀ bọ́ àgbà lẹ́nu, a kò sì ní fi ibi sílẹ̀ kí a má sọ rere: òun kan náà ni ó gbé ìjọba fún ẹni tí ìlú dìbò yàn ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1979, tí ó sì wá dá oko sí Ọ̀tà yìí. Nígbà tí ó padà dé ipò gẹ́gẹ́ bí ẹni tí a dìbò yàn ní 1999, ó fẹ̀yìn àwọn ọ̀gá ológun 93 tí ó ti jẹun nídìí òṣèlú tì láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Láti ìgbà náà, kò tíì sí ológun tí ó tún gba ìjọba Nàìjíríà. Èyí kì í ṣe ohun kékeré, ẹ wo àwọn ilẹ̀ tí ó yí wa ká.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìíní 2002 ni ilé ohun-ìjà ológun ní Ìkejà gbiná, tí ó ju 1,000 ènìyàn lọ kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn tí ó rì sínú odò Òkè-Àfà níbi tí wọ́n ti ń sá lọ nínú òkùnkùn. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá 2020, ní Tóògéètì Lẹ́kí, àwọn ológun yìnbọn níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti jókòó tí wọ́n ń gbé àsíá. Ẹgbẹ́ ọmọ-ogun kọ́kọ́ pe ìròyìn náà ní irọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n gbà pé àwọn wà níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó yàn sọ ní oṣù Kọkànlá 2021 pé ènìyàn kú; ìjọba kan náà tí ó yàn wọ́n kò gba ọ̀rọ̀ ikú náà gbọ́. Ohun tí ó dun àwa jù kì í ṣe ìbọn nìkan. Ìyípadà ọ̀rọ̀ yẹn ni. Ọmọ tí ó bá fọ́ àwo tí ó ní òun kò dé ilé ìdáná, nígbà tí ó bá yá kí ó sọ òótọ́, ta ni yóò gbà á gbọ́?

Ó sì yẹ kí a sọ pé ìgbẹ́kẹ̀lé tí ó fọ́ kì í ṣe ti ará ìlú nìkan. Àwọn ọmọ-ogun fúnra wọn ti rí i. Ní oṣù Kẹsàn-án 2014, ilé-ẹjọ́ ológun dá ẹjọ́ ikú fún ọmọ-ogun 12 nítorí ọ̀tẹ̀. Ní oṣù Kejìlá, ó dá a fún 54 mìíràn tí kò lọ kojú Boko Haram. Ohun tí àwọn wọ̀nyí ń wí ni pé a kò fún wọn ní ohun-ìjà tí ó tó. Ní òpin 2015 a yí ẹjọ́ àwọn 66 náà padà sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10. Ní ọdún 2015 kan náà ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí fi ẹ̀sùn kan àwọn ènìyàn ńlá lórí owó ohun-ìjà tí wọ́n ní ó ju bílíọ̀nù 2 dọ́là ti Amẹ́ríkà lọ. A kò jókòó ní ipò adájọ́. Ṣùgbọ́n bàbá tí ó ní ọmọ rere kan nílé, tí ó sì ka èyí nínú ìwé ìròyìn, ẹ má ṣe bá a wí bí ó bá ní kí ọmọ náà lọ kọ́ iṣẹ́ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ dókítà. Nígbà tí ó sì tún rí àwọn ológun tí ó ti fẹ̀yìn tì, arúgbó, tí wọ́n dúró ní iwájú ọ́fíìsì ìjọba ní Abuja ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí tí wọ́n ń béèrè owó tí wọ́n jẹ wọ́n, kí ni ẹ fẹ́ kí ó rò?

Nítorí náà, kí ni a ń ṣe? Ibi yìí ni ọ̀rọ̀ wa wà gan-an, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ara balẹ̀.

Ohun tí àwọn ológun ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ tí ó fẹ́ wọlé kò ṣòro láti kà. Kí ó jẹ́ ọmọ bíbí Nàìjíríà. Kí ó ti pé ọdún 18, kí ó má sì ju ọjọ́ orí tí wọ́n là sílẹ̀ lọ. Kí ó yege nínú ẹ̀kọ́ mẹ́rin ó kéré tán ní ìdánwò ìparí ilé-ìwé sẹ́kọ́ńdírì. Kí ọkùnrin ga tó mítà 1.68, kí obìnrin ga tó 1.65. Kí ara rẹ̀ dá, kí ó má ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ ọ̀fẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni tí ó bá tà á fún ọmọ yín, olè ni. Ẹni tí a bá gbà yóò lo nǹkan bí oṣù mẹ́fà ní ibùdó ìkọ́ni ní Sáríà, wọ́n sì ti dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo àti ní Abakaliki. Gbogbo èyí, ẹ̀rọ àti dókítà lè yẹ̀ ẹ́ wò. A lè wọn gíga pẹ̀lú ọ̀pá. Ṣùgbọ́n a kò ní ọ̀pá tí a fi ń wọn ìwà, nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ohun kan sí i tí wọn kò lè ṣe fúnra wọn: kí ẹni tí ó ní ipò ní ìlú ọmọ náà fọwọ́ sí ìwé pé òun mọ̀ ọ́n. Alága ìjọba ìbílẹ̀ tàbí akọ̀wé rẹ̀ wà lára wọn. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí i ní Adó-Odò/Ọ̀tà yìí, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ń rán ọmọ náà lọ kí a lè jẹ́rìí pé ọmọ ìlú ni? Ọ̀dọ̀ yín ni, ẹ̀yin baálẹ̀. Ọ̀dọ̀ yín ni, ẹ̀yin ìjòyè. Ẹ̀yin ni ojú tí àwọn ológun fi ń wò, bí ojú náà bá sì fọ́, kí ni ẹ̀rọ yóò ṣe?

Ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, bàbá kan wá bá wa nílé. A mọ ọmọ rẹ̀. A wà nínú ìgbìmọ̀ ilé-ìwé tí ó lé ọmọ náà jáde nítorí pé ó fi àdá halẹ̀ mọ́ olùkọ́ rẹ̀, lẹ́yìn olè jíjà méjì. Bàbá náà fẹ́ ìwé ẹ̀rí ìwà rere. Ó ní, "Ẹ̀yin Rẹ́fáràǹdì, apá mi kò ká a mọ́. Iṣẹ́ aláṣọ ni mo fẹ́ kí ó lọ, kí wọ́n lọ bá mi tọ́ ọ níbẹ̀." A ní, "Bàbá, ilé-ìwé tí ó ní bíbélì àti pàṣán kò lè tọ́ ọ, ẹ fẹ́ kí a lọ fún un ní ìbọn kí ìbọn tọ́ ọ?" Ó bínú, ó lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó rí ẹlòmíràn tí ó fọwọ́ sí ìwé náà, ẹni tí kò fi ojú kan ọmọ náà rí. A kì yóò sọ ẹni tí ó jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni a kì yóò sọ irú iṣẹ́ aláṣọ tí ó gbà á. Ní ọdún kejì a rí ọmọ náà ní ọjà, nínú aṣọ títàn àti bàtà dídán, ó ń gbá ọlọ́kadà kan létí nítorí pé taya rẹ̀ ta omi sí i lára. Ọlọ́kadà náà tó bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ orí. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ ń wí pé, "Ẹ wo ìjọba!" Àwa nìkan ni a mọ̀ pé kì í ṣe ìjọba ni ó bí i, kì í ṣe ìjọba ni ó sì kọ ìwé pé ọmọlúàbí ni.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún ara wa nínú ilé yìí, níwọ̀n ìgbà tí a ti ti ilẹ̀kùn. Ọmọ tí ó bá mọ̀wé, a máa ń tà ilẹ̀ kí ó lè wọ Covenant tàbí Bells, ilé-ẹ̀kọ́ gíga méjèèjì tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà wa. Èyí tí ó bá ní ọwọ́ iṣẹ́, a ó mú un lọ bá ọ̀gá. Èyí tí ó bá ń mu igbó, tí ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn rìn ní Ojú-Òrè tàbí Ìyànà-Ìyẹsí, òun ni a ń wí fún pé, "Lọ ṣe sójà." Ohun tí àwọn ìjòyè 1914 ṣe, tí a rẹ́rìn-ín sí ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn, àwa ni a tún ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ kò tilẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì tí ó fi agbára mú wa. Ẹ má bínú bí a bá fi ìka kan èyí tí ó rọ̀: àwọn ọmọ tí àwọn kan ń lò láti dẹ́rù ba ẹni tí ó ra ilẹ̀, tí wọ́n ń wó ògiri àwọn ènìyàn ní òru, nígbà tí ọ̀rọ̀ wọn bá di wàhálà, ọ̀nà wo ni a ń gbà mú wọn kúrò ní ìlú?

Ẹgbẹ́ kejì àwọn ọ̀dọ́ wa ni a kò sọ̀rọ̀ bá rárá. Ẹ lọ sí ẹnu-ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ èyíkéyìí ní Sángo tàbí ní Agbára ní aago mẹ́fà òwúrọ̀. Ẹ ó rí ọmọ tí ó yege ìdánwò rẹ̀, tí ara rẹ̀ le, tí ó dúró kí wọ́n lè mú un fún iṣẹ́ ọjọ́ kan. Láti 2024 ni òfin ti ní owó-oṣù òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ dín ní 70,000 náírà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọjọ́ kan kò mọ òfin. Ọmọ yìí ń jí ní aago mẹ́rin, ó ń fara da oòrùn àti ọ̀gá tí kò mọ orúkọ rẹ̀, kò jalè. Òun gan-an ni ẹni tí ó yẹ kí a wí fún pé iṣẹ́ kan wà tí ó ní ọlá. Òun ni kò sì sí ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, nítorí bàbá rẹ̀ ti Ìkirè tàbí ti Ìṣéyìn wá ní ogún ọdún sẹ́yìn, kò sì mọ ìjòyè kankan. Ẹ̀yin àgbà Àwórì, ọ̀rọ̀ yìí le díẹ̀: òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ní ẹsẹ̀ 217, ní kí àwọn ọmọ-ogun jẹ́ àpapọ̀ gbogbo ẹ̀yà, nítorí náà ni a ṣe ń pín àyè fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọmọ àlejò tí a bí sí Ọ̀tà, a rán an padà sí ìlú bàbá rẹ̀ kí ó lọ gba ìwé níbẹ̀, níbi tí kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Àwa tí a mọ̀ ọ́n kò lè jẹ́rìí. Àwọn tí yóò jẹ́rìí kò mọ̀ ọ́n. Bí òfin kò bá tíì yí padà, ǹjẹ́ a kò lè kọ lẹ́tà lé e lọ́wọ́ láti ibí pé a mọ ìwà rẹ̀?

Ìdí tí a fi ní kí a sọ ọ̀rọ̀ yìí nísinsìnyí ni pé kánjúkánjú tún ti dé. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kọkànlá 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé ọ̀rọ̀ ààbò ti di pàjáwìrì ní gbogbo orílẹ̀-èdè, ó sì ní kí àwọn ọmọ-ogun gba ènìyàn sí i. Ti ọlọ́pàá nìkan, ó fi 20,000 kún un kí àwọn tí a óò gbà lè di 50,000. A kò bá a jiyàn. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í wọn omi. Ṣùgbọ́n a rántí 1967. Àwa tí a ń ka ìwé mímọ́ a sì tún rántí Gídíónì, tí ó ní 32,000 ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀, tí 22,000 padà sílé nígbà tí a ní kí ẹni tí ẹ̀rù ń bà máa lọ, tí a sì tún dán àwọn 10,000 tí ó kù wò ní etí omi títí ó fi ku 300. Àwọn Mùsùlùmí tí ó wà láàárín wa ní irú ìtàn náà nínú Kùránì nípa ọba Tàlútù àti odò, ẹ ó rí i pé etí omi kan náà ni. Ìjọba kò ní àyè láti dúró ní etí omi. Àwa ni a ní in. A mọ ọmọ tí ń kúnlẹ̀ mu omi àti ọmọ tí ń fi ọwọ́ bu ú.

Nígbà tí a dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní oṣù Kìíní 2020, ohun tí ó mú kí àwọn ènìyàn yọ̀ kì í ṣe ọkọ̀ tàbí aṣọ. Wọ́n rò pé ẹni tí ìlú mọ̀ ni yóò máa ṣọ́ ìlú. Níbi tí ó ti rí bẹ́ẹ̀, ó ti dára. Ohun tí a ń béèrè fún àwọn ọmọ-ogun kò ju èyí lọ.

Kábíyèsí, ohun mẹ́ta ni a gbé wá sí iwájú yín. Kí ìjòyè tàbí baálẹ̀ kankan má fọwọ́ sí ìwé ọmọ tí kò rí lójú, tí kò sì béèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ olùkọ́ tí ó kọ́ ọ. Bí ọmọ tí a fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ bá wá hu ìwà ìbàjẹ́ nínú aṣọ ìjọba, kí a kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní orúkọ ìlú, kí a má ṣe dákẹ́ nítorí bàbá rẹ̀. Bí ó bá sì kú síbi iṣẹ́, kí ìlú mọ̀ ọ́n: àwọn ọmọ wa tí ó ti ṣubú ní Borno, iye ìdílé wo ni ìjòyè kan ti lọ kí? Ọmọ tí a kò kí ìyá rẹ̀ nígbà tí ó kú, àbúrò rẹ̀ kò ní lọ.

Ìwé kan wà lórí tábìlì akọ̀wé, a ti fa ìlà sí i. Apá kan wà fún orúkọ àwọn olùkọ́ tí ó fẹ́ máa jẹ́rìí sí ìwà ọmọ láìgba kọ́bọ̀, a ti kọ tiwa sí i. Apá kejì wà fún àwọn ìdílé ní ìjọba ìbílẹ̀ yìí tí ọmọ wọn wà ní iṣẹ́ ológun tàbí tí ó ti kú síbẹ̀. Kí ẹ tó jáde, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yà síbẹ̀.